Kabúrétọ̀ Tí Bọ̀dá Ọbáfẹ́mi Dè

Láti Ìkìrun ni Bọ̀dá Ọbáfẹ́mi, àbúrò ìyá mi, ti wá kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ Ọ̀gá Fàósátù nítòsí Trade Fair. Lọ́jọ́ tó gba òmìnira lọ́dún 1985, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ọ̀gá níwájú gbogbo wa, ó ní, "Gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ lẹ kọ́ mi, sà." Lẹ́yìn náà ló ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí Kuje tó wà nítòsí Festac. Bàbá mi ni oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́.

Píjò 504 bàbá mi ti gbó. Bí a bá di ẹrù sí i, ńṣe ló máa ń lọ́ra lórí afárá Máìlì Tú. Bọ̀dá ra kabúrétọ̀ ẹlẹ́nu gbòòrò, èyí tó ń po afẹ́fẹ́ mọ́ epo, fún un, pẹ̀lú manifóòdù tirẹ̀, ìyẹn páìpù ẹlẹ́ka tó ń pín afẹ́fẹ́ àti epo fún ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá Ẹ̀bùn, bí ẹni tó ń fi imú dídí sáré ni tẹ́lẹ̀. A ti la imú rẹ̀ báyìí. Ẹ máa fò ni!" Orúkọ mi ni Bọ̀dá fi ń pe bàbá mi bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ náà kò fò. Bí bàbá mi bá ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, á wúkọ́, á sì kú. Bọ̀dá tú u, ó tún un dè, kò yí padà. Fọláyan tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kígbe pé, "Ọbáfẹ́mi, ṣé o tún ọkọ̀ ṣe ni, àbí o kó ikọ́ ràn án?" Àwọn tó fẹ́ gbé ọkọ̀ tiwọn wá ń wò. Bí tiwa kò bá dára, kò sí ẹni tí yóò wá mọ́.

A wọ́ ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Fàósátù. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rẹ́rìn-ín. "Ọbáfẹ́mi, sáré lọ bá mi ra omi tútù."

Bọ̀dá ń lọ. Lójijì ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá ti yọ idẹ kékeré oníhò kan lápò, ó fi rọ́pò èyí tó wà nínú kabúrétọ̀. Ibẹ̀ ni epo ń gbà, ihò tuntun náà sì fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Afẹ́fẹ́ ti pọ̀ sí i látìgbà yìí, epo ni kò tó o.

"Ọ̀gá, gbogbo ìgbà tí a bá ti de kabúrétọ̀ tán lẹ máa ń rán mi níṣẹ́." Bọ̀dá padà wá dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Bí mo bá kọ́ ẹ tán, ta ni yóò tún wá mi wá?" Ọ̀gá kò tilẹ̀ wojú rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Bàbá mi wa ọkọ̀ yípo, ó padà dé tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo rò pé yóò bá Ọ̀gá wí. Ńṣe ló bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ọ̀gá, ọ̀dọ̀ yín ni n óò máa gbé e wá."

Bọ̀dá gbọ́ ọ. Nígbà tí bàbá mi ní kó wọlé ká lọ, ó ní, "Ẹ máa lọ, Bàbá Ẹ̀bùn," ó sì fẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Kuje lọ. Bàbá mi ń yin ẹ́ńjìnnì náà títí a fi dé Festac. Èmi ń bojú wẹ̀yìn wo ọ̀nà Kuje.