Ewé Gbígbẹ fún Ehoro Mọ́ṣádé

Nígbà tí Mọ́ṣádé, ìyàwó Bàbá Joel Fáṣadé, kú ní Ìjagun, ehoro funfun méjì ló fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ ní kí wọ́n pa wọ́n jẹ. Bàbá kọ̀ jálẹ̀: "Ohun ọ̀sìn ìyá yín ni, kì í ṣe ẹran ọbẹ̀."

Ọkùnrin tí kì í wọ ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í sá efinrin, ewé ọ̀dùnkún àti ìbẹ́pẹ tó gé wẹ́wẹ́ de ìgbà òjò fún àwọn ehoro náà. Èyí tó kọ́kọ́ sá kò gbẹ dénú, ó sì bu nínú àpò. Ó dà á nù, ó já òmíràn, ó tẹ́ ẹ sórí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ó ń yí i padà títí ó fi gbẹ háúháú.

Òjò dé, gbogbo ewé àyíká rin gbingbin, bẹ́ẹ̀ sì ni ewé tó bá rin máa ń da inú ehoro rú. Tiwaladé ọmọ rẹ̀ wá kí i, ó bá a níbi tó ti ń fi ewé gbígbẹ bọ́ ehoro.

"Bàbá mi, ta ló kọ́ yín?"

"Mo kàn máa ń wo ìyá rẹ ni. N kò mọ̀ pé mò ń kọ́ṣẹ́."

Tiwaladé kúnlẹ̀ tì í, ó bu ewé díẹ̀, òun náà sì ń bọ́ wọn.