Òfin Tìróò Ìyá Àgbà

Tìróò máa ń tutù lójú bí omi àmù. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbà mí láyè láti lé e, nítorí mo ti jí i lé wò nínú ilé tìróò Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, mo sì ti jẹ ẹgba lórí ẹ̀. Ìfọ̀ là ń gbé nígbà náà, ilé wa sún mọ́ ojú irin débi pé bí rélùwéè bá ń kọjá, ṣe ni abọ́ máa ń gbọ̀n lórí pẹpẹ. Òmìnira ò tíì dé. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ni, a ó lọ síbẹ̀ láàárọ̀, a ó sì lọ sílé kéú lọ́sàn-án. Mo tó ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo sì gbọ́n lójú ara mi ju gbogbo ará ilé lọ.

Ọ̀rọ̀ tìróò yìí, kálukú ló ní òfin tirẹ̀. Wọ́n lè lé e fún ọmọ ọwọ́, kò sẹ́ni tó máa wí nǹkan kan, ọmọbìnrin tó ti ń wo dígí ni wọ́n ń ṣọ́. Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀, ní ó di ìgbà tí mo bá parí Kùránì. Ìyá mi ní ó di ọjọ́ tí mo bá fọ aṣọ ara mi láìjẹ́ pé wọ́n pariwo lé mi lórí. Ìyá Àgbà ò sọ nǹkan kan. Bàbá mi ọ̀hún sì rèé, gbogbo Jímọ̀ ló ń lé tìróò lọ mọ́ṣáláṣí. Mo bi ìyá mi lọ́jọ́ kan pé ṣé bàbá ti parí Kùránì tiwọn ni. Ó ní kí n tètè gba ojúde lọ kí bàbá mi tó gbọ́.

Kí n má parọ́, ẹnu mi ló kó bá mi. Lọ́jọ́ Iléyá, àwọn ọmọbìnrin tó ti ń dàgbà máa ń rìn pọ̀ láti ilé dé ilé, láàlì lọ́wọ́, tìróò lójú. Àwọn kéékèèké ní tiwọn á pọn àbúrò wọn, wọ́n á máa tẹ̀ lé ìyá wọn kiri. Gbogbo ọ̀rẹ́ mi ní ilé kéú ni wọ́n ti gbà láyè. Èmi náà ṣe fọ́ńté, mo ní wọ́n ti gbà mí láyè. Wọ́n ní ó dáa, bí mo bá wá lọ́jọ́ Iléyá láìlé tìróò, kí n kúkú pọn àbúrò mi dání.

Nígbà tó ku nǹkan bí oṣù méjì, mo gba ara mi nímọ̀ràn. Tìróò dúdú, ìdí ìkòkò náà dúdú, kí ló wá kù? Mo fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò, mo da ohun tí mo rí sórí ọlọ, mo kán àdí sí i, mo lọ̀ ọ́ kúnná. Ọlọ tí mò ń wí yìí, orí ẹ̀ náà ni ìyá mi ti lọ ata láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo fi omi ṣàn án o, ṣùgbọ́n omi lásán ò lè gba ata lọ́wọ́ ọlọ. Bí mo ṣe fi igi ìgbálẹ̀ fà á sójú báyìí, ojú mi rí màbo. Mo ké, mo yí gbirigbiri nínú àgbàlá. Ìyá ọlọ́mọ tuntun tó ń gbé yàrá kejì sá jáde, ó rò pé ejò ló bù mí ṣán. Wọ́n bu omi sí mi lójú títí, kò gbọ́. Ni Ìyá Àgbà bá ní kí wọ́n gbé mi sí itan ìyá ọlọ́mọ náà, kó fún ọmú sí mi lójú. Èmi tí mo fẹ́ di sìsí, mo wá nà gbalaja bí ọmọ ọwọ́, ọmú ń kán sí mi lójú, ọmọ tó ni ọmú gan-an ń sunkún pé mò ń jẹ oúnjẹ òun.

Nígbà tí ara tù mí, bàbá mi ti mú ẹgba dání. Ìyá Àgbà ní kó gbé e sílẹ̀. Ó ní gbogbo wọn ti sọ òfin tiwọn, ó ku tòun.

Ó ní, “Ẹni tó máa lé tìróò sójú ara ẹ̀, kó kọ́kọ́ lé e sójú ẹlòmíì kí omi má bọ́. Jímọ̀ Jímọ̀ ni wàá máa lé e fún mi. Ọjọ́ tí omi ò bá bọ́ lójú mi, o ti tó nìyẹn. Òfin ìdílé wa ni.”

Mo rí i pé ẹnu ya bàbá mi, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá ìyá rẹ̀ jiyàn?

Jímọ̀ àkọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kí n fọ́ ọ lójú. Ìkejì, tìróò ṣàn dé ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Kò bínú rí. Á fi etí ìró nu omi ojú rẹ̀, á ní ó di Jímọ̀ tó ń bọ̀, á sì gba mọ́ṣáláṣí lọ. Ó kọ́ mi pé kí n fi ìka kékeré ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun, kí n fa igi tìróò náà, kí n má tì í. Bó ṣe ku ọ̀sẹ̀ kan, omi ṣì ń bọ́. Oorun ò kùn mí mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá mi ra àgbò funfun kan, ó so ó mọ́ ìdí ọsàn. Mo wo àgbò, àgbò wò mí. Mo tún ha ìdí ìkòkò, àmọ́ orí òkúta etí odò ni mo ti lọ̀ ọ́, mo ti kọ́gbọ́n. Mo gbé èèpo ẹ̀gẹ́ síwájú ẹ̀, mo ń lé tìróò fún un láàárọ̀ lálẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, òun fúnra ẹ̀ ló ń gbé ojú wá bá mi.

Ọjọ́ kẹrin, ááfà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi dé láti Ìbàfò. Ó rí àgbò náà, ó dúró gbagidi. Ó ní irú àgbò tí dúdú yí ojú rẹ̀ ká báyìí ni Ànábì fẹ́ràn láti fi ṣe Iléyá, ó béèrè ibi tí wọ́n ti rí i rà. Bàbá mi, tó mọ̀ pé àgbò tí òun rà funfun láti orí dé ìrù, wo àgbò, ó wo ááfà, ó ní òun wá a dé Mowé ni. Ìyá Àgbà ń wúkọ́ sínú ìborùn. Èmi wolẹ̀.

Àárọ̀ Iléyá, gbogbo ilé dúró tì wá, títí kan ìyá ọlọ́mọ àti ọmọ rẹ̀. Mo lé ojú ọ̀tún. Bí mo ṣe dórí tòsì, rélùwéè kọjá, abọ́ gbọ̀n lórí pẹpẹ, ọwọ́ mi ò gbọ̀n. A dúró. Omi ò bọ́. Ìyá Àgbà gba dígí, ó wo ara rẹ̀ pẹ́, ó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ lójú mi. Ó ní mo ti tó. Mo na ojú sí i pé kó lé tèmi, ó ní kí n lé e fúnra mi. Mo rò pé ó pọ́n mi lé ni. Inú mi dùn débi pé mi ò fẹ́ ṣẹ́jú títí a fi dé Yídì, kó má baà pa rẹ́.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbà ti lọ, èmi náà ti bímọ, ni mo bi ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, pé Jímọ̀ mélòó ni wọ́n fi ṣe ìdánwò tìróò tiwọn.

Wọ́n ní, “Ìdánwò wo?”

Wọ́n ní ìyá àwọn fúnra rẹ̀ ló máa ń lé e fún àwọn, kò sí òfin kankan. Wọ́n ní ọdún tó ṣáájú Iléyá yẹn lọwọ́ ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tó bá gbé ife, omi á dà nù. Ó pa tìróò tì, ó ń sọ fáwọn èèyàn pé kò wu òun mọ́. Kò sì bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀ pé kó bá òun ṣe nǹkan kan sára.

Mo bá ń ro gbogbo Jímọ̀ wọ̀nyẹn, bó ṣe ń gbé wúruwùru tí mo kùn sí i lójú wọ mọ́ṣáláṣí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọwọ́ tèmi náà ti ń gbọ̀n báyìí. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mò ń gbé ní Mowé, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti pé mẹ́tàlá, ó ń béèrè mékọ́ọ̀pù. Bàbá rẹ̀ ní ó di yunifásítì, ìyá rẹ̀ ní ó di ìgbà tó bá jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Jímọ̀ tó kọjá, ọmọ náà fajú ro nínú pálọ̀, mo ní kó lọ bá mi mú ilé tìróò mi wá. Mo sọ fún wọn pé òfin kan wà nínú ìdílé wa. Ọmọ mi ní òun ò gbọ́ ọ rí. Mo ní kó dákẹ́.

Díẹ̀ ló kù kí ọmọbìnrin náà fọ́ mi lójú. Mo fi etí ìró nu omi ojú mi, mo ní ó di Jímọ̀ tó ń bọ̀, mo sì gba mọ́ṣáláṣí lọ.