Dosu Ẹ-Jókòó-Ná àti Ilé Yéjídé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹ má lọ gbọ́ àbùmọ́ lẹ́nu àwọn ará ọjà Agbalata, tí wọ́n á ní Alájì Mùkáílà sùn lórí eérú. Irọ́ ni. Kò sùn. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́, òun àti àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì, nínú ilé tí kò sí.

Olóògbé Dosu Akíndé, akítẹ́ẹ̀tì ìlú wa, ló fi wọ́n síbẹ̀. Alájì ra ilẹ̀ sí ojú títì tó lọ sí Sèmè, ó ní kí Dosu ya ilé fún òun. Dosu ní kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀ wò ná. Ló bá lọ tọrọ eérú lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Imeke, ó fi í fa ìlà sórí ilẹ̀ náà: pálọ̀ rèé, yàrá rèé, ilé ìdáná rèé, ẹnu ọ̀nà rèé. Ó ní kí Alájì kó ìdílé rẹ̀ wá, kí wọ́n gbé àga wá, kí wọ́n dáná, kí wọ́n jẹun, bí ẹni tó ti ń gbébẹ̀ tipẹ́.

Kò pẹ́ tí Alájì fi gbàgbé. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó dìde, ó gba orí ìlà eérú kọjá.

"Alájì!" Dosu figbe ta. "Inú ògiri lẹ gbà yẹn o!"

"Ògiri wo?"

"Ògiri pálọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà."

Àgbàlagbà ọkùnrin tó ti dé Mẹ́kà padà sẹ́yìn, ó sì gba ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti wọ gbogbo wọn lára. Hùmúàní, ìyálé, ní ilé ìdáná náà kò gba ènìyàn méjì. Suwebat, ìyàwó, ní ta ló bi í. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Suwebat bínú wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì gbá ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn tí kò sí! Ẹnu ló fi gbá a: "Gbàà!" Alájì dúró sẹ́yìn ìlà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí i, kò sì jẹ́ sọdá.

Àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Sèmè ti dúró, èrò ti pé lẹ́bàá títì. Ọlọ́pàá kan wá wòran, ó ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

Alájì wò ó látòkè délẹ̀. "A wà nílé," ló wí. "Bọ́ bàtà rẹ kí o tó wọlé."

Ọlọ́pàá náà bọ́ ọ.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n mọ̀ pé ilé ìdáná méjì ni ilé náà ń fẹ́, ìkan níwájú, ìkan lẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ ọ̀sà máa gba àárín wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ìyálé àti ìyàwó tí wọn kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọbẹ̀ fún ara wọn.

Nínú gbogbo èrò ọjọ́ náà, ẹnìkan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín: Yéjídé, ìyàwó Dosu, tó ń ta àdí àgbọn. Ó gbé igbá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá títì, ó káwọ́ lérí. "Ẹ ò rí nǹkan! Alájì tí kò nílé wà nílé rẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ akítẹ́ẹ̀tì, yàrá tí a háyà ni mò ń padà sí."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ìyá Yéjídé fún un ní ilẹ̀ ní Topo, ní òdìkejì ọ̀sà, láàárín igi àgbọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó, Dosu fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú àwọn àna rẹ̀ pé kí ọdún tó yípo, Yéjídé á máa sùn nínú ilé tirẹ̀. Ọdún ti yípo títí, ó ti rẹ ọdún fúnra rẹ̀.

Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ níwájú mi o. A ó jà. Òkè òkun ló ti kọ́ṣẹ́ wá, ìgbà tí owó epo ń ṣàn ló sì dé, nígbà tí gbogbo ẹni tó bá ti ní àpò ló ń kọ́lé. Láyé ìgbà yẹn, wàá wọ ọ́fíìsì akítẹ́ẹ̀tì ní Èkó, á fa púláànù kan yọ láti inú dúrọ́ọ̀, wàá sanwó, ó parí. Ilé kan náà lẹ máa bá káàkiri, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì, gbogbo wọn sì kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́.

"Ṣé ènìyàn máa ń lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kí wọ́n má wọ̀n ọ́n ni?" ni Dosu máa ń bi wọ́n. Ó ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀ sí Màrínà, ní Àgbádárìgì níbí, ó gbé bẹ́ǹṣì síwájú ìta. Oníbàárà á wọlé, gìrì gìrì, á ní, "Akítẹ́ẹ̀tì, ilé oníyàrá mẹ́wàá ni mo fẹ́, kíákíá!" Dosu á ní, "Ẹ jókòó ná." Ibẹ̀ ni ìbéèrè á ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń kọ́kọ́ jí nínú ilé yín? Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun tó bá ń jẹun? Bí inú bá ń bí yín, níbo lẹ máa ń jókòó sí?

"Ibi tí mò ń jókòó sí bí inú bá ń bí mi?" oníṣòwò aṣọ kan jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. "Ṣé ilé ni mo wá yà ni, àbí ẹjọ́ ni mo wá rò?"

"Níbo lẹ jókòó sí ní àná?"

"Inú mọ́tò mi," ni ọkùnrin náà wí. "Kò sí ibòmíràn."

"Ẹ ṣé," ni Dosu wí, ó sì mú pẹ́ńsù. Bí orúkọ Ẹ-Jókòó-Ná ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Àwọn kan bínú, wọ́n lọ gba púláànù inú dúrọ́ọ̀. Àwọn tó bá jókòó kì í kábàámọ̀.

Kì í ṣe ilé yíyà nìkan o, ó ń bá wọn ṣètò inú ilé pẹ̀lú, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Olóyè Ọládàpọ̀ kọ́lé sí etí ọ̀sà, ó ra iná onígíláàsì kan láti òkè òkun, ó tóbi tó agbada tí wọ́n fi ń yan gààrí. Àjà ilé rẹ̀ kò ga. Wọ́n so iná náà kọ́ sáàárín pálọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ dé ibi orí ènìyàn. Ẹni tó bá wá kí Olóyè gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó kọjá. Dosu dé ibẹ̀, ó forí gbá a, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ibi àkàsọ̀ tí òrùlé ti ga. Iná náà rẹwà níbẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Olóyè ti dé ọ́fíìsì.

"Dosu, dá iná mi padà síbi tó wà!"

"Ṣé kò tàn dáadáa ni, Olóyè?"

"Ó ń tàn. Ṣùgbọ́n wọn ò tẹrí ba fún mi mọ́!"

"Ẹ jókòó ná, sà."

Wọ́n jókòó pẹ́. Dosu bi í pé ta ló wù ú kó máa wá kí i. Olóyè tutọ́ sókè, ó fojú gbà á, ó lérí, ó sọ̀rọ̀ títí, kó tó wá jẹ́wọ́ pé àwọn ènìyàn ń wá, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́. Wọ́n á tẹrí ba wọlé, wọ́n á tẹrí ba jáde. Dosu kó àwọn àga ràgàjì inú pálọ̀ yẹn jáde, ó tẹ́ bẹ́ǹṣì pẹlẹbẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí omi. Kò tún sí ẹni tó tẹrí ba mọ́, kò sì sí ẹni tó tètè lọ mọ́. Olóyè ló wá ń lé wọn nílé.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe báyìí, kí ló dé tí kò fi kọ́ ilé ìyàwó rẹ̀? Ìrònú ni. Ilé Yéjídé ló rò jù. Ó kọ́kọ́ ya ilé ọkọ àti ìyàwó. Kó tó parí rẹ̀, Yéjídé lóyún Tóyìn. Ó fa púláànù náà ya, ó ya ilé ọlọ́mọ kan. Ọmọ kejì dé. Ó tún fà á ya. Ìyá Dosu wá ń gbé pẹ̀lú wọn, arúgbó kò lè gun àkàsọ̀, ó tún un yà. Nígbà tí ìyẹn fi máa gún régé, ìyá ti kú, Tóyìn sì ti wọ ilé ìwé tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Bó ṣe ń ya ilé ni ayé wọn ń yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Owó epo wá lọ sílẹ̀. Ẹ ò ní gbàgbé ìgbà náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá a. Àwọn oníbàárà ò wá mọ́, ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ń hu koríko. Yéjídé jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Tóyìn, nígbà tí sìmẹ́ǹtì wà nílẹ̀ bí iyanrìn, ẹ̀ ń ronú. Sìmẹ́ǹtì ti wá di góòlù, ẹ ṣì ń ronú. Ìgbà wo lẹ máa rò ó tán?"

"Yéjídé, ilé tìẹ ò gbọdọ̀ ní àbùkù kankan."

"Àbùkù tí mo lè sùn sí ni mo fẹ́!"

Dosu ṣáà rọra bẹ̀ ẹ́ ni. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Topo, ó tún lọ fi eérú fa ìlà tuntun, ó wálé, ó ní kó fún òun ní àyè díẹ̀ sí i. Nígbà tí Dosu jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Yéjídé ká ẹní, ó kó ìkòkò, ó gbé àpótí ìjókòó, ó mú agbòòrùn, ó sì sọdá.

Sagbo, ọlọ́kọ̀ tó gbé e, ló wá jíṣẹ́ ní ọ́fíìsì. "Akítẹ́ẹ̀tì, ìyàwó yín ti kó lọ sílé o."

"Ilé wo?"

"Ilé yín ní Topo."

"A ò tíì kọ́ ọ!"

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ sọ fún un. Èmi ò lè sọ ọ́."

Òjò ti ṣú. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Dosu àti Sagbo wà láàárín ọ̀sà. Dosu bọ́ sílẹ̀, ó rin gbingbin, ó bá ìyàwó rẹ̀ lórí àpótí lábẹ́ agbòòrùn, ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Ó sáré lọ bá a.

"Inú ògiri lẹ gbà yẹn o," ni Yéjídé wí.

Dosu dúró. Ó padà. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, kò sì rí ohun tó máa kàn.

"Kò, kò, kò," ló fẹnu wí.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń jẹ́ èmi?"

"Bàbá Tóyìn."

"Bàbá Tóyìn ò sí nílé. Ó lọ ronú."

Sagbo rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ títí àjẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yéjídé kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ fi èdè Ègùn sọ tẹnu rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún jù, ó wá fi Yorùbá sọ ọ́ kí Sagbo pàápàá lè ṣe ẹlẹ́rìí. "Mi ò bá ìmọ̀ yín jà. Gbogbo Àgbádárìgì ló ń gbé inú ìrònú yín, wọ́n sì ń sùn dáadáa. Èmi nìkan lòjò ń pa."

Omi òjò ti ń fọ eérú náà lọ, kò sí pálọ̀ mọ́, kò sí yàrá mọ́. Dosu yíjú sí ọ̀sà, ó ké sí ọlọ́kọ̀ pé, "Sagbo! Lọ bá mi pe bíríkìlà. Ní báyìí!"

"Púláànù ńkọ́?"

"Mo ní kí o pe bíríkìlà!"

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, láìsí bébà kankan. Dosu ń fi ìka júwe, wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù, ọkọ̀ Sagbo ń kó sìmẹ́ǹtì sọdá díẹ̀díẹ̀, Yéjídé ò sì kúrò nílẹ̀ náà, abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ ló ń sùn. Kí ọyẹ́ tó dé, ó ti wọ inú ilé rẹ̀: yàrá méjì, pálọ̀ kan, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣílé, Dosu mú kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Yéjídé ṣí ilẹ̀kùn. Gbàgà! Ilẹ̀kùn lọ kọlu fèrèsé. Òun àti fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìta làwọn méjèèjì ń ṣí sí, ara wọn ni wọ́n sì ń gbá. Bí fèrèsé bá ṣí, ilẹ̀kùn ò lè ṣí. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, kí fèrèsé gbà fún Ọlọ́run.

Ìlú gbọ́. Kí ni ò ní gbọ́! Akítẹ́ẹ̀tì tó bi gbogbo ayé ní ibi tí wọ́n ń jókòó sí bí inú bá ń bí wọn! Láti etí omi làwọn àlejò á ti máa pariwo pé, "Ìyá Tóyìn, ẹ pa fèrèsé dé o, a ti ń bọ̀!" Ojú ti Dosu kọjá ààlà. Kápẹ́ńtà tó gbé wá láti tún un ṣe kò níye. Yéjídé á fún kápẹ́ńtà lóúnjẹ, á kí i dáadáa, á sì ní kí Sagbo gbé e padà. "Ẹ má fọwọ́ kan ilé mi," ni gbogbo ohun tó máa ń sọ. Ìgbà tó yá, àwọn kápẹ́ńtà ti ń wá láìjẹ́ pé wọ́n pè wọ́n.

Dosu darúgbó sínú ilé yẹn, ibẹ̀ náà ló sì kú sí, wọ́ọ́rọ́wọ́. Alájì Mùkáílà wá kí wọn kú ọ̀fọ̀, òun tí ọ̀pá ti di ẹsẹ̀ kẹta fún. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ń nu ojú. Ohùn Yéjídé jáde láti inú ilé: "Ẹ dúró, Alájì, kí n pa fèrèsé dé." Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu Alájì. Hùmúàní ń já a léèékánná pé ilé ọ̀fọ̀ nìyí, ṣùgbọ́n opó fúnra rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín nínú ilé, ẹ̀rín náà sì ṣe gbogbo wa lóore lọ́jọ́ náà.

Tóyìn ló jókòó sí ọ́fíìsì bàbá rẹ̀ báyìí, akítẹ́ẹ̀tì lòun náà. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ogójì ọjọ́ tán, ó mú kápẹ́ńtà gidi kan wá sí Topo. Kápẹ́ńtà ń wọn ìdè ilẹ̀kùn nígbà tí Yéjídé jáde láti yàrá.

"Tóyìn, kí ni ọkùnrin yìí ń wá?"

"Màmá, ó fẹ́ bá wa yí ilẹ̀kùn yìí sínú ni. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé àṣìṣe ni."

"Mo mọ̀." Yéjídé fọwọ́ pa ara ilẹ̀kùn náà. "Kò sí ohun tí bàbá rẹ ṣe láyé tí kò kọ́kọ́ rò. Ó ro ti fífẹ́ mi pàápàá, ó rò ó títí, ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mí fún ẹlòmíràn. Ilé yìí nìkan ṣoṣo ni kò dúró rò. Ó rí i pé òjò ń pa mí, ó sì kọ́ ọ."

Tóyìn wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé. Ó ní kí kápẹ́ńtà kó irinṣẹ́ rẹ̀, kó máa lọ, ó sì lọ pa fèrèsé dé kí ọkùnrin náà lè rọ́nà jáde.