Ibà Tí Bàbá Eléku Ti Rí Kó Tó Pa Á

Bàbá Eléku ti kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá la sin ín. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò wá, wọ́n ní ó wà ní ìpàdé. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi, àmọ́ mi ò lè dákẹ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ọdún mọ́kàndínlógún ni ọkùnrin yìí fi dẹ tàkúté fún eku igbó àti ọ̀kẹ́rẹ́ nílé iṣẹ́ àyẹ̀wò àrùn. Kì í pa wọ́n. Á fún wọn lóògùn oorun, á wá fi ẹmú kékeré já àwọn kòkòrò pupa tíntìntín tó lẹ̀ mọ́ wọn létí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, sínú ìgò. Tí ẹran bá jí, á gbé e padà síbi tó ti mú un. "Ó dàbọ̀ o, bá mi kí ará ilé," ló máa ń wí. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó rí ohun tó ń wá: kòkòrò àrùn tó ń fa ibà burúkú wà lára àwọn ohun pupa yẹn, lẹ́yìn oko wa níbí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ewé mọ́kànlá, ó gbé e fún ọ̀gá. Oògùn ibà náà kò wọ́n, kò sì ṣòro rí. "Kí àwọn dókítà ṣáà ti mọ̀ pé ó wà," ló sọ fún mi. Ìbuwọ́lù kan ṣoṣo ló kù kí ìwé náà tó lè dé ilé ìwòsàn, tí òun àti ilé iṣẹ́ wọn jọ lo ògiri kan náà. Ọ̀gá ní òun ṣì ń wò ó. Ọdún mẹ́ta! Ṣé ìwé ni wọ́n ń wò ni, àbí dígí?

Lóṣù tó kọjá, ibà dá a wó. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, wà níbẹ̀ nígbà tó gbé apá sókè, tó fi èépá dúdú kan lábíyá han dókítà.

"Dókítà, èyí tí mò ń já létí eku ló jẹ mí."

"Bàbá, kò sí àìsàn yẹn níbí. Kò sí nínú ìwé wa."

Kò sí níbí kẹ̀? Wọ́n fún un lóògùn ibà ẹ̀fọn. Ọjọ́ kẹsàn-án ló dákẹ́. Mi ò bínú sí dókítà náà, ohun tí wọn kò sọ fún un ni kò mọ̀. Ta ló yẹ kó sọ fún un? Ẹni yẹn ni mò ń wá.

"Ibà" nìkan ni wọ́n kọ sínú ìwé ikú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nà án sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi mọ ohun tó ń pa á. Ṣé irọ́ ló pa ni?"

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwọn méjì tó ń bá a dẹ tàkúté ti padà sígbó lọ́jọ́ Ajé. Nítorí náà, ọ̀gá, ẹ bu ọwọ́ lu ìwé yẹn lónìí. Ẹ jáde síta, kí ẹ sọ ohun tó dá a dúró. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn gba ẹ̀jẹ̀ òkú ọ̀run yìí kó tó kú, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ náà wà nínú fíríìjì yín, ẹ ní kò sí àṣẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí èsì bá sì jáde, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ dé, kó má gba orí tábìlì yín kọjá.