Ìdajì Hóró Lẹ́yìn Oúnjẹ Àárọ̀

Òórùn kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó kan díẹ̀, tó sì dùn díẹ̀, ni mo máa ń gbọ́ nígbàkígbà tí ọkàn mi bá padà sí Iléṣà. Ogun abẹ́lé ò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà. Iwájú ilé wa ni wọ́n ń sá kòkó sí, èmi ni Màámi sì máa ń ní kí n lé adìyẹ kúrò níbẹ̀. Kí n tó lé ẹyọ kan tán, mo ti tẹ̀lé labalábá dé ẹ̀yìnkùlé, mo ti bá aládùúgbò pọnmi, mo ti gbàgbé pé kòkó kankan wà láyé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ní ilé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ mi kì í gbé abẹ́ tábìlì. Tísà kò ní tíì béèrè ìbéèrè tán tí n ó ti fò dìde, ìdáhùn ìbéèrè mìíràn ni n ó sì fún un. Wọ́n nà mí títí, ó sú àwọn tó ń nà mí. Àwọn kan ní emèrè ni mí. Bàámi, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, tó sì ń wálé ní Sátidé, a máa wò mí, a sì mí kanlẹ̀.

Tísà mi ló wá bá Màámi nílé lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ìyá, ọmọ yìí kì í ṣe olódo. Ẹ mú un lọ rí dókítà obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé yẹn."

Dókítà náà gbọ́ ẹjọ́ Màámi tán, ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Báwo ló ṣe ń rí nínú orí rẹ?" Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní ó dà bí ìgbà tí rédíò mẹ́rin ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò fún wa ní oògùn lọ́jọ́ náà. Ó ní kí tísà kọ ìwé wá, ó béèrè bóyá àrùn ọkàn wà nínú ìdílé wa, ó wọ̀n mí lórí ìwọ̀n, ó fi ẹ̀rọ tútù tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ọkàn sí mi láyà. Ìgbà kẹta tí a lọ ló tó dárúkọ ohun tó ń ṣe mí, orúkọ gígùn kan lédè Gẹ̀ẹ́sì. ADHD ni wọ́n ń pè é lónìí, ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọkàn ènìyàn dúró sójú kan.

Ó gbé ìgò oògùn oníhóró kan fún Màámi, ó ní, "Ìdajì hóró lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ẹ má fún un nírọ̀lẹ́, kò ní lè sùn. Ẹ máa kọ bó ṣe ń jẹun àti bó ṣe ń sùn sílẹ̀, kí n sì máa rí i lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Bí a ó bá fi kún un, èmi ni n ó sọ."

Ọjọ́ kìíní, n kò rí nǹkan kan, àfi pé ebi ò pa mí lọ́sàn-án. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ní ọjọ́ kẹta, tísà ń sọ ìtàn ìlú wa, mo sì ṣàdédé rí i pé mo ti gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn kan ṣoṣo! Ẹnu yà mí. Ǹjẹ́ o mọ bó ṣe rí kí ènìyàn kọ́kọ́ fi awò sójú, kó wá rí i pé igi ní ewé lọ́kọ̀ọ̀kan? Eré ni mo sá délé. Màámi ń lọ ẹ̀wà lórí ọlọ.

"Màámi, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀!"

"Gbogbo kí ni?"

"Gbogbo ohun tí tísà sọ!" Mo rò ó fún un, n kò fo ibì kankan. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ̀wà lílọ̀ kún gbá mi mọ́ra, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi sì bàjẹ́ pátápátá.

Ayọ̀ yẹn ló sì kó bá mi. Ìdánwò ń bọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò ọmọdé: bí ìdajì bá fún mi ní ìtàn kan, hóró méjì á fún mi ní odidi ìwé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, lẹ́yìn tí Màámi fún mi ní ìdajì tán, mo gun àga, mo mú ìgò náà lórí pẹpẹ, mo sì gbé méjì mì sí i. Kí agogo ìsinmi tó lù, ẹnu mi ti gbẹ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àyà mi ń lù kì-kì-kì bí ẹni ń gúnyán níbẹ̀. Tísà rí mi, ó ránṣẹ́ pe Màámi, a sì wọ takisí lọ sí ọsibítù.

Dókítà béèrè pé, "Mélòó lo lò?"

Mo ní, "Ìdajì ni, mà."

Ó fi ọwọ́ sí ọrùn ọwọ́ mi, ó ń wo aago. "Ọmọ mi, bí n kò bá mọ ohun tó wà nínú rẹ, n kò ní mọ bí n ó ṣe tọ́jú rẹ."

Mo bú sẹ́kún. "Ìdajì àti méjì ni."

"O ṣeun," ló wí, ó sì dìde kíá. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n ń ṣọ́ mi, wọ́n ń ka ìlù ọkàn mi léraléra títí ó fi rọlẹ̀ nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ẹ̀rù ti ba Màámi dé egungun. Ó ní kí wọ́n da oògùn náà nù. Ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà mí ju àyà mi tó ń lù lọ, nítorí mo ti mọ bí ohùn kan ṣoṣo ṣe ń dún.

Dókítà ò dà á nù, kò sì yára dá a padà fún mi. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, kí òun tún yẹ̀ mí wò, kí a wá bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì. Ó ní kí Màámi máa ti ìgò náà mọ́ inú àpótí, kí ó máa fún mi fúnra rẹ̀. Kí èmi náà máa kọ sínú ìwé bó ṣe ń ṣe mí, ire àti ibi. Àwọn rédíò mẹ́rin náà padà dé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sì fara dà á. Lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tí ó rí i pé mò ń jẹun, mò ń sùn, tí n kò sì rù, òun fúnra rẹ̀ fi ìdajì kan kún un lọ́sàn-án.

Ní Sátidé kan, Bàámi ti Òṣogbo dé pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábẹ́ apá. Mo gbà á, mo ka ojú ìwé kan fún un títí dé ìsàlẹ̀, n kò dìde. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó pe aládùúgbò: "Ẹ wá gbọ́ ọmọ mi!" Mo tún un kà fún wọn, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń kà.

Ọdún bíi mélòó kan ni mo fi lo oògùn náà kí dókítà tó bá mi dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó ṣe mí lóore púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ro ìgbà yẹn, ọ̀sán tí mo fi ẹkún sọ iye tí mo gbé mì ló máa ń wá sọ́kàn mi ju ọjọ́ ìwé ìròyìn lọ. Títí di òní, bí mo bá jókòó níwájú ẹni tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, n kì í fi ohunkóhun pamọ́ fún un rárá. Òtítọ́ tí mo sọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni dókítà rí fi ṣiṣẹ́.