Ìṣẹ́tí Ẹ̀wù Mi

Ẹ̀yìn mi ni ọmọ mi obìnrin máa ń jókòó sí lórí ọ̀kadà láràárọ̀, láti abúlé wa títí dé ilé ìwé ní Ìyànà Ọ̀fà, tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mi mú. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni ilé wa. Inú ilé, ìyá mi ló ni ín, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí wọn kì í dá sí. Lórí ọ̀kadà, èmi àti ọmọ mi nìkan ni. A ó máa pariwo sọ̀rọ̀ nítorí ìró ẹ́ńjìnnì, a ó sì máa rẹ́rìn-ín bí wèrè.

Kí ìyá rẹ̀ tó kú, ohun kan wà tó máa ń tẹnu mọ́. Ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, inú oko ẹ̀gẹ́ ló wà, ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ nǹkan kan fún un. Ó rò pé nǹkan ti ya nínú òun, pé òun máa kú ni. Ó fi ewé nu ara rẹ̀, ó sá pamọ́ sáàárín ẹ̀gẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó ní ti ọmọ òun ò ní rí bẹ́ẹ̀, pé òun máa jókòó tì í, òun á sì bá a sọ ọ́ kó tó dé. Ikú ò jẹ́ kó dúró sọ ọ́. Iṣẹ́ náà wá di tèmi.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí nílé ìwé náà. Mo máa ń ya ilé ọmọ sójú pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀rọ̀ kì í sì í há mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé ọmú ti ń yọ láyà ọmọ tèmi, ahọ́n mi wúwo. Mo kọ́kọ́ lọ ra páàdì lọ́jà. Obìnrin tó ń tà á wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin lẹ fẹ́ lò ó ni?” Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ó dì í sínú ọ̀rá dúdú fún mi, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n rántí ra pátá tuntun kún un. Mo lọ rà á.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo sọ ọ́ fún un lójú ọ̀nà. Ó rọrùn nítorí pé kò rí ojú mi, mi ò sì rí tirẹ̀. Mo ní ẹ̀jẹ̀ kan ń bọ̀, kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe ọgbẹ́, ìyá rẹ̀ rí i, ìyá mi náà rí i. 

“Bàámi, ṣé ó máa dùn mí?”

Mo ní inú lè máa run ún díẹ̀, pé oògùn wà. Mo ní bó bá ti dé, kó sọ fún mi. Ó ní ojú á ti òun. A bá ṣe àdéhùn: bí kò bá lè sọ ọ́, kó kàn fa ìṣẹ́tí ẹ̀wù mi lẹ́yìn, màá mọ̀. Ó fà á lójú ẹsẹ̀ láti fi dán an wò, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ki ẹ̀wù bọ inú ṣòkòtò mọ́. Ọ̀gá ilé ìwé bá mi wí, wọ́n ní tíṣà kì í múra bẹ́ẹ̀. Mo ní ooru ló ń mú mi.

Ọjọ́ tó dé, mi ò sí nílé. Wọ́n pe àwa tíṣà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lápá Alakia lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá mi ni ọmọ náà bá nílé. Wọ́n gbé omi kaná fún un, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wá aṣọ tó mọ́ fún un. Mi ò lè ní wọn ò tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá jókòó tì í, wọ́n sì sọ ohun tí ìyá tiwọn sọ fún wọn.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọmọ mi gbé báàgì ìwé sáàárín èmi àti òun lórí ọ̀kadà, ó di irin ẹ̀yìn mú. Mo ní kó di mí mú, pé ọ̀nà ò dáa. Irin náà ló ṣì dì mú. Nírọ̀lẹ́, mo na ife omi sí i, ó ní kí n gbé e sílẹ̀, òun á mú un. Mo rò pé eré ni. Nígbà tó tún ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ ni mo lọ bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́.

“Màámi, kí lẹ sọ fún ọmọ yìí?”

“Ó ti di obìnrin. Mo ní ọkùnrin tó bá fọwọ́ kàn án, oyún ni.”

“Èmi ńkọ́? Ṣé ẹ ò sọ fún un pé ti bàbá rẹ̀ yàtọ̀ ni?”

Wọ́n gbójú sókè wò mí. “Ìwọ kì í ṣe ọkùnrin ni?”

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n pè é, kí wọ́n sọ fún un pé àwọn kàn fi dẹ́rù bà á ni. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò dẹ́rù ba ọmọ ilé kejì, ó sì ti fi oyún kúrò nílé ìwé. “Ẹ̀rù ni mo fi ṣọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, gbogbo wọn ló délé ọkọ láyọ̀.” Ìbínú gùn mí débi pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ síyàá dé etí ètè mi. Mo gbé e mì. Àwọn náà ló kọ́ mi pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó.

Mo jókòó ti ọmọ mi, mo ṣàlàyé títí. Ó ní, “Mo ti gbọ́, sà,” bí ẹni wà ní kíláàsì. Nígbà tí mo sì ṣe ìdánwò fún kíláàsì rẹ̀ lórí bí oyún ṣe ń wáyé, ó gba gbogbo rẹ̀ tán, kò ṣi ọ̀kan. Mo pè é nílé, mo ní ṣebí òun náà ló kọ ọ́ pé fífọwọ́ kanni kì í fa oyún. Ó wolẹ̀.

“Mo mọ̀, Bàámi. Ṣùgbọ́n tó bá lọ jẹ́ òótọ́ ńkọ́?”



Lọ́jọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọ̀kadà yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Èmi ò ṣubú. Irin ẹ̀yìn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já bọ́ sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Mo sáré na ọwọ́ sí i. Ó wo ọwọ́ náà. Ìka rẹ̀ gbéra, mo rí i. Ó wá di táyà mú, ó fi gbé ara rẹ̀ dìde. “Ẹ má bínú, Bàámi.” Mo rántí ìyá rẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rù tí kò fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ti dé, èmi gan-an ni ọmọ náà sì ń bẹ̀rù.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, kò tíì di mí mú. Ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi, ìrètí náà sì ti ń tán lọ. Láàárọ̀ àná, ọ̀gá ilé ìwé tún bá mi wí nípa ẹ̀wù mi tí mi ò ki bọ ṣòkòtò. Mo ní ooru ló ń mú mi, bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀.