Yìgì Tí A So Nínú Fíìmù

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ń rán mi níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dìde lẹ́ẹ̀kan, ìlú wa máa ń ṣe fíìmù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìlú kékeré ni lóòótọ́, ó kọjá Ẹrúnmu díẹ̀, níbi tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ẹgbẹ́dá ti máa ń já èrò tó kù sílẹ̀ kó tó yí orí padà. Iná kò ṣeé gbọ́kàn lé, omi kànga ni a ń mu, àmọ́ a ní Tíṣà Sámúẹ́lì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lábúlé mọ irú tíṣà bẹ́ẹ̀, àwọn tí ìjọba gbé wá kọ́ni fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n wá di ará ilé. Onítẹ̀bọmi ni, ọ̀pọ̀ nínú wa sì jẹ́ Mùsùlùmí, àmọ́ kò sí ilé tí kò ti lè wọlé ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò.

Tíṣà ra kámẹ́rà àlòkù kan tó tóbi tó páálí bàtà, irú èyí tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rẹ̀. Ó gbé e lé ẹsẹ̀ onírin mẹ́ta, ó sì pe ìlú jọ pé ẹni tó bá fẹ́ bá òun ṣe fíìmù kó wá, pé kò sówó ńbẹ̀ o. Wọ́n wá. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ gbé e wá, ẹni tí àga pọ̀ nílé rẹ̀ kó àga wá, ẹni tí kò ní nǹkan kan mú ọwọ́ rẹ̀ wá. Iṣẹ́ tiwa ọmọdé ni kí á gbálẹ̀, kí á pọnmi, kí á sì máa lé ewúrẹ́ kúrò níwájú kámẹ́rà. Ọmọ tó bá wo ojú kámẹ́rà nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán lọ́wọ́ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Abẹ́ igi gúáfà ni yóò lọ kúnlẹ̀ sí, tí yóò kẹ̀yìn sí wa, tí yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè títí wọn yóò fi ṣe tán. Mo mọ abẹ́ igi gúáfà yẹn dáadáa. Bí a bá délé, àwa náà á lu ihò sí ìdí agolo mílíìkì, a ó so igi mẹ́ta pọ̀ fún un, a ó sì máa ya ara wa. Èmi ni mo máa ń ṣe tíṣà, nítorí ohùn mi ló le jù.

Òfin kan wà tí àwọn àgbà fi lélẹ̀, tí Tíṣà kò lè yí padà. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan nílùú ni yóò ṣe é nínú fíìmù. Tíṣà ti gbìyànjú rí pé kí àgbẹ̀ kan ṣe télọ̀; télọ̀ gangan gbé ẹ̀rọ rẹ̀ nílẹ̀, ó rù ú lọ sílé, ó ní àbí òun ti kú ni. Láti ọjọ́ náà, gbogbo nǹkan inú fíìmù wa ló jẹ́ òótọ́ àfi ìtàn rẹ̀. Òfin yìí náà ló sì kó wa sí wàhálà.

Fíìmù tí mò ń sọ yìí dá lórí ọkùnrin alájẹkì kan tó ń lọ síbi gbogbo ìgbéyàwó tí wọn kò pè é sí. Bàbá Rísì, bíríkìlà ìlú wa, ni alájẹkì náà, kò sì nílò ìdánrawò púpọ̀. A wá nílò ìgbéyàwó tí yóò ti rí oúnjẹ jẹ. Tíṣà bẹ Àǹtí Sìdí, àbúrò bàbá mi obìnrin, pé kó ṣe ìyàwó, ó sì mú Ràjí, ọmọ ọkùnrin kan tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, pé kó ṣe ọkọ. Ó lọ bá Àáfà Búsàrí pé kí wọ́n bá wa so yìgì díẹ̀. Àáfà ní yìgì kì í ṣe díẹ̀. Bí àwọn bá máa so ó, baba ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó, ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ pé, sàdáàkì, ẹ̀bùn ọkọ fún ìyàwó, gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kí wọ́n má baà wò ó níbòmíràn kí wọ́n ní Àáfà ìlú wa kò mọ iṣẹ́. Tíṣà fẹ́ fi ẹlòmíràn ṣe baba ìyàwó. Bàbá Àgbà, tí wọ́n bí Àǹtí Sìdí gan-an, gbọ́ ọ, wọ́n ní àwọn ṣì wà láyé, kò sí ẹni tí yóò fi ọmọ àwọn fọ́kọ lójú àwọn, ì báà jẹ́ nínú àlá. Wọ́n wọ agbádá, wọ́n wá jókòó. Ẹlẹ́rìí jẹ́ ẹlẹ́rìí gidi. Sàdáàkì jẹ́ Kùránì tuntun tí wọ́n fi aṣọ funfun wé.

Lọ́jọ́ náà, òórùn ìrẹsì gba gbogbo agboolé. Tíṣà ní kí wọ́n se oúnjẹ díẹ̀ fún àwòrán, àmọ́ àwọn ìyá wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ìyàwó ní díẹ̀. Èmi ni mo lọ ata lórí ọlọ títí ojú mi fi pọ́n. Wọ́n le tìróò fún Àǹtí Sìdí, wọ́n fi ìbòrí funfun bò ó lórí, wọ́n sì mú un jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràjí. Ó rẹwà púpọ̀. Kò sì sí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ju ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, tí wọ́n ti gbà á sí, tí yóò wọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Bàbá Àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbà pé ọmọbìnrin tó bá kàwé jù, ọkọ á máa sá fún un, àmọ́ wọn kò tíì sọ pé kó má lọ.

Kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ yìgì ni mo ti wo ojú kámẹ́rà, wọ́n sì ti rán mi lọ sábẹ́ igi gúáfà. Ohun tí mo gbọ́ látẹ̀yìn ni mò ń sọ fún yín. Àáfà ka ohun tí wọ́n ń kà, wọ́n yíjú sí Àǹtí Sìdí, wọ́n bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ Ràjí. Ibẹ̀ gan-an ni eegun ti há Bàbá Rísì lọ́fun. Tíṣà kò tíì ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, àmọ́ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ ń yọ, àwọn èèyàn sáré dà bò ó, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn. Tíṣà náà fi kámẹ́rà sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó sáré lọ. Nígbà tí eegun fi máa sọ̀ kalẹ̀, Àáfà ti parí àdúà, wọ́n ti ṣe àmín. Oòrùn ń lọ, Tíṣà sì ní kí wọ́n yára máa jẹun kí ìmọ́lẹ̀ tó tán.

Ilẹ̀ mọ́, Ìyá Ràjí bá gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu wá sílé wa, pẹ̀lú abọ́ àkàrà tó ṣì gbóná, ó ní òun wá kí ìyàwó òun. Màmá mi rò pé eré ló ṣì ń bá lọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gba àkàrà. Ìyá Ràjí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti bi Àáfà, wọ́n sì ní nínú ọ̀rọ̀ yìgì kò sí àwàdà. Bí baba ọmọ bá ti fi ọmọ sílẹ̀, tí ẹlẹ́rìí gbọ́, tí sàdáàkì wà, tí ọmọ kò sì kọ̀, ó ti so. Wọ́n bi Sìdí, Sìdí dákẹ́, ìdákẹ́ omidan sì ni bẹ́ẹ̀ni rẹ̀.

Bàbá Àgbà kọ́kọ́ bínú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti ń rò ó. Ilé Ràjí kì í ṣe ilé ebi, Ràjí kì í ṣe ọmọ burúkú, iṣu náà sì dára. Kò pẹ́ tí a fi gún un níyán. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò sì jáde lẹ́nu wọn mọ́.

Àǹtí Sìdí kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ó ní òun kò dákẹ́, òun kò tilẹ̀ sí lórí ẹní mọ́ nígbà tí Àáfà ń ṣe àdúà, òun lòun lọ bu omi fún Bàbá Rísì. Àáfà ní ẹnì kan ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, àwọn gbọ́ ọ. Àwọn ẹlẹ́rìí ní ta ni àwọn wá ń ṣe àmín fún? Bàbá Rísì ní omi ni òun rí, òun ò rí ọwọ́ tó gbé e. Bàbá Àgbà sì ní ọmọ tó bá fẹ́ lọ sí Ìbàdàn, kò sí ohun tí kò lè sọ.

Mo gbé oúnjẹ lọ fún un ní yàrá, kò jẹ ẹ́. Ìbòrí funfun náà ló dì mú, tó ń ká, tó ń tú. Ó bi mí pé, "Mùí, ìwọ náà ò rí mi?"

Mi ò rí i. Igi gúáfà ni mo rí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ẹni tí wọ́n nà lọ.

Tíṣà Sámúẹ́lì ló ní kí á wo kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun kò pa kámẹ́rà kí òun tó sáré. Bí òun ṣe fi í sílẹ̀ ló ṣe ń yà á lọ. Àáfà gbà. Ìyá Ràjí gbà kíákíá, ó ní kí gbogbo ìlú wá fojú ara wọn rí bí ìyàwó òun ṣe tẹríba.

Sítọ̀ kòkó ni a ti máa ń wo fíìmù. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, wọ́n á fi tapólì tí wọ́n fi ń sá kòkó bo àwọn fèrèsé, inú rẹ̀ á ṣókùnkùn, á sì móoru, òórùn kòkó tó ń kan díẹ̀ á kún imú wa. Wọ́n gbé tẹlifísọ̀n lé orí òṣùwọ̀n kòkó. Àwa ọmọdé jókòó sílẹ̀ níwájú, àwọn àgbà wà lórí bẹ́ǹṣì. Àǹtí Sìdí dúró létí ilẹ̀kùn, kò jókòó.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀. Àáfà bi ìyàwó ní ìbéèrè. Àǹtí Sìdí gbójú sókè, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, la bá gbọ́ ikọ́. Àwọn èèyàn ń sáré kọjá níwájú kámẹ́rà, a ò rí nǹkan kan ju ẹ̀yìn agbádá lọ. Nígbà tí iwájú wá mọ́, Àáfà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n dijú, àdúà ń lọ. Bàbá Àgbà dijú. Àwọn ẹlẹ́rìí dijú. Ràjí ń wo ibi tí wọ́n ti ń gbá bíríkìlà lẹ́yìn. Ibi tí ìyàwó wà tẹ́lẹ̀, ewúrẹ́ Ìyá Ràjí ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tó ń jẹ àpọ̀jẹ, tó ń mí jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àáfà. Gbogbo wọn ṣe àmín fún un. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ìbòrí funfun kan ń sáré bọ̀ láti ìdí àmù pẹ̀lú igbá omi.

Ẹ̀rín tó bú nínú sítọ̀ yẹn, wọ́n gbọ́ ọ lóko. Àáfà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Tíṣà dá a padà, wọ́n tún un wò. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n sì kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Sìdíkátù," wọ́n ní, "mo bi ọ́, mi ò dúró gbọ́. Dárí jì mí. Ṣé o gbà?"

"Rárá, Bàbá. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ lọ."

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, àmọ́ ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa. Àáfà ní kò sí yìgì. Bàbá Àgbà ní, "Ẹ dá iṣu wọn padà fún wọn." Màmá mi rọra rán wọn létí pé a ti jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n lọ wa tuntun lóko. Lẹ́yìn ìkórè, àwọn fúnra wọn ló gbé àpótí ọmọ wọn dé ibi tí ọkọ̀ Ẹgbẹ́dá ti ń yí. Ní ti Ìyá Ràjí, ó pẹ́ kó tó tún bá wa ṣeré, nítorí ọ̀nà yòówù kó da ewúrẹ́ náà gbà, wọ́n á máa kí i pé ẹ kú ìnáwó ìyàwó.

Láti ìgbà náà, Àáfà Búsàrí kì í so yìgì láìgbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ìyàwó lẹ́nu, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́ ọ. Àwọn tó jẹ oyè lẹ́yìn wọn ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí dòní. Nígbà tó kàn mí, mo pariwo "mo gbà" débi pé ọkọ mi di etí.

Ayé ti yí. Fóònù ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń ya fíìmù wa báyìí, èmi ni mo sì ń darí ẹgbẹ́ náà láti ìgbà tí Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Àwọn kan ń wá ràn wá lọ́wọ́ láti Alákiá, aṣọ funfun tí a fi ń wò ó fẹ̀ tó ògiri. Kò sí ẹni tó ń lọ sábẹ́ igi gúáfà mọ́. Ọmọ ìwòyí, kámẹ́rà ni wọ́n ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Oúnjẹ inú fíìmù wá di díẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn ò sì dùn mọ́ mi.

Láìpẹ́ yìí, a fi kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà hàn wọ́n nínú sítọ̀ kan náà. Àǹtí Sìdí wà níbẹ̀, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì báyìí. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín ewúrẹ́ títí wọ́n fi dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ọmọ mi obìnrin, tó ń fi fóònù ya wa lọ́wọ́, béèrè ohun tí àwa àgbà kò béèrè rí, pé kí ló dé tí wọ́n fi ní láti wo kásẹ́ẹ̀tì, kí ló dé tí wọn ò kàn bi ìyàwó fúnra rẹ̀.

Àǹtí Sìdí dìde.

"Wọ́n bi mí," ó ní. "Mo sì sọ fún wọn."

Ọmọ mi sún mọ́ ọn, ó gbé gbohùngbohùn sí i lẹ́nu, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ, kó lè wọlé."

Àǹtí Sìdí tún un sọ, ohùn rẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì gbọ̀n.